Eṣinṣin àti ẹ̀fọn lára ẹran ọ̀sìn: níbo ni kí owó kékeré kọ́kọ́ lọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ̀yìn ìlú Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni mò ń gbé, lọ́nà Ìlárá. Mo ní ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́ta àti adìyẹ ìbílẹ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àbúrò ọkọ mi tún kó màlúù méjì wá, ó ní kí n máa bá òun mójú tó wọn. Látìgbà tí òjò ti balẹ̀, eṣinṣin kò jẹ́ kí ẹran rójú jẹun lọ́sàn-án, ẹ̀fọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn lóru. Àwọn adìyẹ ń yọ kókó lórí ogbe. Ọ̀kan nínú màlúù yẹn ń rù, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹko. Bàbá kan ládùúgbò ní kí n fi oògùn òwú wẹ̀ wọ́n. Ẹlòmíràn ní kí n máa dáná èéfín. Ọmọ mi ní kí n ta àwọ̀n tí ìjọba pín fún wa yí ilé ewúrẹ́ ká. Owó ọwọ́ mi kò pọ̀. Èwo ni kí n ṣe?

* * *

Ìyá wa, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi yín léèrè irú kòkòrò tó ń jẹ ẹran yín, ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn wọn ti wọ́. Ohun tí à ń pè ní eṣinṣin yìí tó mẹ́ta, ó kéré tán. Ibi tí wọ́n ń bí sí yàtọ̀, àkókò tí wọ́n ń jẹ ẹran yàtọ̀, ohun tó ń pa ọ̀kan lè má ṣe èkejì ní nǹkan kan.

Ẹ gbé àpótí, ẹ jókòó ti ẹran yín díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lọ́sàn-án, díẹ̀ nírọ̀lẹ́. Èyí tó ń rọ́ mọ́ ojú, imú àti ojú egbò, eṣinṣin ilé nìyẹn. Omi ojú ló ń lá, ìdọ̀tí ló ń gbé kiri, kò ní ẹnu tó lè gún awọ. Èyí tó jọ ọ́ gan-an, àmọ́ tó ń bà sí ẹsẹ̀, tó ń kọrí sókè, tí ẹran fi ń fi pátákò lu ilẹ̀ ṣáá, ẹ̀jẹ̀ lèyí ń mu. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Stomoxys. Akọ ń mu, abo ń mu. Ẹ̀kẹta ni tsétsé. Ó tóbi ju ti ilé lọ, tó bá bà, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì á gun orí ara wọn bí abẹ sísọ́ọ̀sì tí a pa dé. Ọ̀sán ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀bá odò àti ibi igbó tó ṣíji ló fẹ́ràn. Lẹ́yìn ìyẹn la wá kan ẹ̀fọn, àti kantíkantí tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gba ojú àwọ̀n kọjá. Àwọn yẹn, láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru.

Ẹ kọ ohun tí ẹ rí síbí, ká tó sọ̀rọ̀ oògùn.

* * *

Ẹnì kan ti dáhùn nísàlẹ̀ pé kí ẹ kàn máa kó ìgbẹ́, ẹlòmíràn ní àṣedànù ni, pé bí ẹ kó ti yín, ti aládùúgbò ń bẹ níbẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ẹni àkọ́kọ́.

Nínú ooru tiwa yìí, láti orí ẹyin eṣinṣin ilé títí dé ìgbà tó máa fò, ọjọ́ 7 sí 10 ni. Bí a bá ń kó ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìdin inú rẹ̀ kò ní dàgbà dé ìyẹ́. Ti aládùúgbò á wá lóòótọ́, àmọ́ àlejò ni, iye rẹ̀ kò lè tó ti èyí tí a bí sínú ilé.

Ti Stomoxys ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí ìdí rẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ìgbẹ́ lásán. Àjẹkù ni tirẹ̀: koríko, èèpo ẹ̀gẹ́, pòròpórò àgbàdo tí ẹran tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ìtọ̀ rin, tó ń rà. Ẹ lọ wo abẹ́ ọpọ́n tí ẹran yín ti ń jẹun. Àárín ilé ẹran ni àwọn ọmọ máa ń gbá, wọn kì í fọwọ́ kan abẹ́ ọpọ́n àti ẹsẹ̀ ògiri. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣe la fi igi gbé ọpọ́n kúrò nílẹ̀ kí ìgbálẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Igi inú igbó ni, kò ná wa ní nǹkan kan.

Ìgbẹ́ tí ẹ kó, ẹ má tú u ká nígbà òjò. Ẹ kó o jọ ga, kó jìnnà sí ilé ẹran, ẹ fi ọ̀rá dúdú bò ó, ẹ gbé òkúta lé etí ọ̀rá. Òkìtì tó ń jẹrà máa ń gbóná nínú débi pé ìdin kò lè gbé ibẹ̀. Etí tó tutù ni wọ́n ń sá sí. Ìdí tí a fi ń yí i nìyẹn, kí ti etí lè bọ́ sáàárín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kàn tẹ́ ẹ sóòrùn ni, torí ìgbẹ́ tó gbẹ kò lè bí eṣinṣin.

Arákùnrin tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní kí ẹ má kó o, pé Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, fúnra wọn ń sin ìdin. Òótọ́ ni pé wọ́n ń sin ín. Láti 1985 tí Fadá Godfrey Nzamujo ti dá Songhaï sílẹ̀ níbẹ̀, lára iṣẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n ni pé pàǹtí di ìdin, ìdin di oúnjẹ ẹja àti adìyẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin ìdin ń kórè rẹ̀ kó tó di eṣinṣin. Ìgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kórè nínú ilé ewúrẹ́, eṣinṣin ló ń sìn. Bí ẹ bá fẹ́ jàǹfààní ibẹ̀, bí ewúrẹ́ bá ti jáde láàárọ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn fún adìyẹ kí wọ́n lọ tú u. Ohun tí wọ́n bá ṣà jẹ, eṣinṣin tó dín nìyẹn.

Ẹ sì má pa yímíyímí. Mo rí àwọn ọmọdé tó ń fi í ṣeré, mo máa ń lé wọn. Bọ́tọ tí yímíyímí bá ti yí lọ, tó rì mọ́lẹ̀, eṣinṣin kò rí i lò mọ́. Àwọn tó ń gún màlúù ní abẹ́rẹ́ ivermectin, oògùn aràn, ní gbogbo ìgbà, tàbí tí wọ́n ń da oògùn sí ẹran láti orí dé ìrù, oògùn náà á gba inú ìgbẹ́ jáde, á máa pa àwọn yímíyímí.

* * *

Iná dídá.

Ìdí wà tí àwọn Fúlàní fi ń ṣe é. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ gáà wọn kọjá nírọ̀lẹ́ ní agbègbè Ṣábẹ, ẹ óò rí màlúù tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ dúró sínú èéfín bọ́tọ gbígbẹ. Kò sẹ́ni tó fà á lọ. Èéfín ń lé kòkòrò sẹ́yìn níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń rú. Kì í pa wọ́n. Bó bá kú ní ọ̀gànjọ́, wọ́n ti padà.

Gbangba ni ti Fúlàní, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, màlúù tó bá sú sì lè kúrò níbẹ̀. Ilé ewúrẹ́ tí a fi amọ̀ mọ, tí fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan, tí a wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ewúrẹ́ nínú èéfín, ikọ́ àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró la ń fi owó wa rà. Ẹ dá a síta, sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kó jìnnà sí koríko òrùlé. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa ṣọ́ ọ gidi.

Ó sì tún ku ibì kan. Èéfín ìrọ̀lẹ́ kò dí tsétsé lọ́wọ́, torí ọ̀sán ló ti mu tirẹ̀.

Ẹni tó ní èèpo kóró kajú ló dára jù, mo mọ̀ pé kajú pọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ṣábẹ, àmọ́ epo inú èèpo yẹn ń bó awọ, èéfín rẹ̀ ń ta ojú ẹran àti ti ẹni tó ń dáná. Èèpo ọsàn gbígbẹ, ewé efinrin, ewé dóńgóyárò, gbogbo wọn dára jù ú lọ. Òróró dóńgóyárò tí a fi àdín pò, tí a fi pa etí àti ẹsẹ̀ ewúrẹ́, mo ti lò ó, ó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀. Òjò kan ṣoṣo á fọ̀ ọ́ lọ.

* * *

Sí ẹni tó kàn kọ "Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin" tó sì lọ: màlúù inú ìbéèrè yìí nírù. Ohun tí kò ní ni ẹni tó máa bá a gbá abẹ́ ọpọ́n.

* * *

Ọ̀rọ̀ àwọ̀n fa ariwo, mo rí i. Àwọn kan ní ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ta àwọ̀n ìjọba fún ẹran, àwọn kan ní àwọ̀n tó gbó kò lẹ́ṣẹ̀.

Àwọ̀n tí wọ́n pín láti ojúlé dé ojúlé ní 2020, àti èyí tí wọ́n ti pín ṣáájú rẹ̀ ní 2011, 2014 àti 2017, ọmọ yín ni wọ́n kà tí wọ́n fi fún yín, wọn kò ka ewúrẹ́. Bí ewúrẹ́ bá sùn sábẹ́ rẹ̀ tí ọmọ wá ṣàìsàn ibà, ẹ̀mí ọmọ yẹn ju owó ewúrẹ́ lọ. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn lọ́dọ̀ mi. Èyí tó ti ya, tí tuntun ti rọ́pò rẹ̀, ẹ fi dí fèrèsé ilé adìyẹ, ó dára. Ẹ má fi bo omi mímu, ẹ má sì fọ̀ ọ́ nínú odò. Oògùn ara rẹ̀ ń pa ẹja.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé oògùn ara àwọ̀n àtijọ́ á pa ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ti mọ irú oògùn yẹn lára tipẹ́. Ní 2007 ni ìwádìí kan jáde tó fi Ladji ní Kútọnu wé Malanville ní àríwá: ní Malanville àwọ̀n ṣì ń pa ẹ̀fọn dáadáa, ní Ladji kò rí wọn pa bó ti yẹ. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi wá dán àwọ̀n tí oògùn oríṣi méjì wà lára rẹ̀ wò ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, tí kò jìnnà sí Kétu, odò Ouémé ló là wọ́n láàárín. Èyí tí wọ́n fi chlorfenapyr kún oògùn rẹ̀ mú kí ibà láàárín àwọn ọmọdé dín kù ní nǹkan bí 46 nínú 100 láàárín ọdún méjì, tí a bá fi wé àwọ̀n tí oògùn kan ṣoṣo wà lára rẹ̀. Ti èèyàn ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ti ẹran.

Èyí tí mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí ni àwọ̀n ọgbà. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n ń fi àwọ̀n tí a rẹ sínú oògùn apakòkòrò deltamethrin yí ilé màlúù tí kì í jáde lọ jẹko ká. Ní Gánà, wọ́n ṣe é fún ẹlẹ́dẹ̀. Kì í ga dé òrùlé, mítà kan sí mítà kan àbọ̀ ni láti ilẹ̀. Eṣinṣin tó ń jẹ ẹran kì í fò ga: ó ń bọ̀ wá jẹ ẹsẹ̀, ó forí sọ àwọ̀n, ó gba oògùn síra. Kò nílò ojú tó há bíi ti àwọ̀n ẹ̀fọn, torí kì í ṣe pé a fẹ́ sé ọ̀nà mọ́ ọn, a kàn fẹ́ kó fara kàn án ni. Ẹ ta á sẹ́yìn igi ọgbà, níbi tí ẹnu ẹran kò lè dé. Ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ bí ẹ bá fi í sí iwájú wọn, ẹ gbà mí gbọ́.

* * *

Oògùn òwú. Ẹ gbàgbé rẹ̀.

Bàbá yẹn kò ní èrò burúkú, ó rí i pé ó ń pa kòkòrò lórí òwú ni. Oògùn tí wọ́n ṣe fún òwú, ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ti awọ ẹran. Púpọ̀ nínú wọn ń mú iṣan ṣiṣẹ́ òdì: ẹran á máa da itọ́, á máa gbọ̀n, á ṣubú. Ẹran tó bá yè é, oògùn náà wà nínú wàrà àti ẹran rẹ̀. Àwọn tó dàgbà á rántí ohun tí oògùn òwú kan, endosulfan, ṣe ní Borgou ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ ní sáà òwú 1999 sí 2000. Èèyàn ló pa, àwọn tó jẹ ohun tó kan oògùn náà wà lára wọn. Ọta-píápíá tó ń gba ẹnubodè wọlé láti Nàìjíríà, dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, nínú igò tí kò ní ìwé ìwọ̀n. Ẹni tó ní òun ti ń fi wẹ ajá òun "láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí wàhálà", ajá yẹn lóríire ni.

Ṣé a ò wá ní lo oògùn rárá ni? Rárá o. Deltamethrin tí wọ́n ṣe fún ẹran wà, èyí tí a ń dà sí ara tàbí tí a ń pò mómi. Àríyànjiyàn mi pẹ̀lú àwọn tó ń tà á ni ibi tí wọ́n ní ká fi sí. Wọ́n á ní kí ẹ fi bo gbogbo ara, torí bẹ́ẹ̀ ni igò á ṣe tètè tán. Tsétsé àti Stomoxys, ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn ni wọ́n ń bà sí jù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí ìfúnmi kékeré fi oògùn náà sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti abẹ́ ikùn, owó yín á dín, yímíyímí á sì rí ìgbẹ́ tó mọ́ díẹ̀. Ní Burkina Faso, wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ kòtò pẹlẹbẹ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ sójú ọ̀nà ibi ìmumi, wọ́n da oògùn sínú rẹ̀, màlúù á fẹsẹ̀ là á kọjá. Fún màlúù méjì, búrọ́ọ̀ṣì tó.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ológbò ilé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, irú oògùn yìí ń pa á. Omi tó ṣẹ́ kù, ẹ má dà á sẹ́bàá kànga tàbí adágún ẹja.

Ojú egbò ńkọ́? Ẹnì kan ní òun ń fi òróró mọ́tò tó ti dúdú pa á. Ó ń lé eṣinṣin, ó sì ń jó egbò, ó ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fọ egbò, ẹ ṣa ìdin kúrò, ẹ fi oògùn egbò aláwọ̀ búlúù tí àwọn dókítà ẹran ń fún sí i. Ìwọ́ ọmọ ẹran tuntun àti ojú ibi tí wọ́n ti tẹ ẹran lọ́dàá ni kí ẹ máa ṣọ́ jù. Bí ẹ bá lè sún ìtẹ̀lọ́dàá sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ sún un.

* * *

Màlúù tó ń rù.

Ọ̀pọ̀ ti kọ "tsétsé ni" láìrí màlúù náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àrùn tí tsétsé ń gbìn, ẹbí àrùn sunrunsunrun ti èèyàn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wọ́pọ̀ lára màlúù kì í mú èèyàn. Ibà á wá, á lọ, omi á máa jáde lójú, inú ìpéǹpéjú á funfun, ẹran á máa jẹun kí ó tún máa rù. Ṣùgbọ́n aràn inú náà ń mú kí ìpéǹpéjú funfun. Ẹni tó bá gún abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó wo ẹ̀jẹ̀, kádàrá ló ń ta tẹ́tẹ́ lé.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àbúrò ọkọ yín ibi tó ti ra màlúù yẹn. Bó bá jẹ́ oníké tó ti àríwá wá, kò ní agbára ìfaradà. Màlúù kékeré tiwa, èyí tí wọ́n ń pè ní Lagune, tó wà ní ìsàlẹ̀ odò Ouémé àti agbègbè Àjàṣẹ́ láti ayébáyé, lè ní àrùn yìí lára kó má wó o lulẹ̀. Ewúrẹ́ kúkúrú àti àgùntàn ìbílẹ̀ náà ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn á ní "kò tóbi, kò léran lára", wọ́n á lọ náwó lé oníké, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ gbà á là lọ́dọọdún. Lójú tèmi, ẹni tó ní màlúù díẹ̀ ní Kétu tàbí lẹ́bàá odò, tí kò ní dókítà nítòsí, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú oníké. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí gbólóhùn yìí.

Ní ti oògùn: diminazene ni wọ́n ń fi wo èyí tó ti ṣàìsàn, isometamidium ni wọ́n ń fi dènà rẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Àwọn tó ń gbé àpò oògùn kiri ọjà máa ń pín àpò kan fún màlúù tó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ìwọ̀n diminazene jẹ́ 3.5 míligíráàmù fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fún un ní ìdajì, kòkòrò àrùn á yè, á sì mọ oògùn náà lára. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Dókítà ẹran ni kó wọn àyà màlúù, kó fa ẹ̀jẹ̀, kó tó gún un. Ẹni tó ni màlúù ni kó san owó rẹ̀ o, ìyá wa. Iṣẹ́ olùtọ́jú ni wọ́n gbé fún yín.

Ẹni tó wà lọ́nà odò Okpara béèrè bóyá kí wọ́n gé gbogbo igi etídò. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ láwọn ibì kan láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Ẹ gé igi, etídò á wó, omi á gbẹ, igbó á sì tún hù. Ẹ pọn omi wá bá ẹran dípò kí ẹ kó wọn lọ sódò lọ́sàn-án gangan. Tsétsé ní àléébù ńlá kan tó yẹ ká lò: ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, ó tó ọjọ́ 9 sí 10 kó tó bí òmíràn, ọmọ náà á sì wọ ilẹ̀ lọ fún nǹkan bí oṣù kan kó tó fò. Nítorí náà, ẹyọ tí ẹ bá pa ní ìtumọ̀, kò dà bí ẹ̀fọn. Àwọ̀ búlúù àti dúdú ló ń fà á. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi aṣọ àwọ̀ méjèèjì yìí mú un. Aṣọ búlúù tí a rán mọ́ dúdú, tí a rẹ sínú deltamethrin, tí a so kọ́ sójú ọ̀nà odò, télọ̀ yín lè rán an. Ní Unguja, erékùṣù Zanzibar, wọ́n kọ́kọ́ fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ àti oògùn ara màlúù dín tsétsé kù, kí wọ́n tó tú akọ tí kò lè bímọ sílẹ̀ láàárín 1994 sí 1997. Tsétsé tán níbẹ̀. Erékùṣù ni, òkun yí i ká. Òkun kò yí Okpara ká, ẹ ní láti máa rẹ aṣọ yẹn sínú oògùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kò sí tsétsé ládùúgbò yín, nítorí náà kò sí àrùn náà: Stomoxys lè fi ẹnu tó ní ẹ̀jẹ̀ gbé oríṣi kan nínú rẹ̀ láti ara màlúù kan sí èkejì. Ibi tí màlúù ti fún ara wọn ló ti ń rọrùn fún un.

* * *

Àbúrò tó béèrè nípa adìyẹ: kókó orí ogbe tí ìyá sọ yẹn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní variole aviaire, ẹ̀fọn wà lára ohun tó ń gbé e láti ara adìyẹ kan sí òmíràn. Kò sí oògùn tó ń pa á. Bó bá jẹ́ ti awọ nìkan, adìyẹ á sábà yè é láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó bá ṣì ń ríran jẹun. Bó bá wọ ọ̀fun, ó le. Ẹ ya èyí tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, ẹ má ṣí èépá rẹ̀, ibẹ̀ ni àrùn náà wà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, abẹ́ ìyẹ́ ni wọ́n ń gún un sí. Àwọn tí kò tíì mú ni kí ẹ tètè gún.

Ẹ̀fọn ilé adìyẹ, ẹ wá a sínú omi. Kétu wà lórí òkè, omi ilẹ̀ jìn, kálukú ló ń gbe omi òjò sínú kòtò sìmẹ́ńtì, ìkòkò àti ike. Ẹ wo inú rẹ̀, ẹ óò rí tanwíji tó ń jó. Ẹ bò ó pa. Ìmumi ẹran, ẹ máa dà á nù kí ẹ fọ̀ ọ́, kó má pé ọ̀sẹ̀ kan. Táyà, ìgò, agolo, ẹ dà wọ́n dojúdé. Omi dúdú tó ń ṣàn jáde láti ilé ẹlẹ́dẹ̀ náà ń bí ẹ̀fọn gan-an. Ẹ la ọ̀nà fún un, ẹ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ìparí rẹ̀ kó máa mu ún.

Ní ti ará Àjàṣẹ́ tó ní ẹ̀fọn ló kó àrùn tó pa ẹlẹ́dẹ̀ ní 1997 wá: ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń tà kiri, àjẹkù ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, bàtà àti ọkọ̀ àwọn oníṣòwò, ọ̀nà wọ̀nyẹn ni àjàkálẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ń gbà jù. Ẹni tó ta àwọ̀n yí ilé ẹlẹ́dẹ̀ ká, tó wá jẹ́ kí alápatà fi bàtà ẹ̀jẹ̀ wọlé, kò tíì dènà nǹkan kan.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n pa yín lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ní 2019, àwọn ará Jàpáànì kan kun ilà funfun sí ara màlúù dúdú, ó wá dà bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Eṣinṣin tó ń bà lé e dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Wọ́n gba ẹ̀bùn Ig Nobel lórí rẹ̀ ní 2025, èyí tí wọ́n ń fún ìwádìí tó kọ́kọ́ ń pani lẹ́rìn-ín. Lagune dúdú pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹfun náà sì wà. Òjò Kétu nìkan ni mi ò tíì bá ṣàdéhùn.

* * *

Ìyá ti padà wá. Ó ní Stomoxys ló pọ̀ jù lẹ́sẹ̀ ẹran, pé òun rí tanwíji nínú ìkòkò mẹ́ta, pé owó tó wà lọ́wọ́ òun kò ju ohun kan ṣoṣo lọ.

Ohun tí kò gba owó ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: abẹ́ ọpọ́n lónìí, ìkòkò lónìí, òkìtì ìgbẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó tán. Owó kan ṣoṣo yẹn, abẹ́rẹ́ àjẹsára adìyẹ ni kó lọ, torí òun nìkan ni kò ní dúró dè yín. Ẹ bá àwọn aládùúgbò tó ní adìyẹ dáwó jọ, ìgò kan ń tó ọ̀pọ̀lọpọ̀ adìyẹ, tí a bá sì ti pò ó, kò ṣeé fi pa mọ́ di ọ̀la. Deltamethrin ẹsẹ̀ màlúù, ẹ sọ fún ẹni tó ni wọ́n. Àwọ̀n ọgbà lè di ọdún tó ń bọ̀, ilé ẹlẹ́dẹ̀ sì ni kó kọ́kọ́ kàn.

* * *

Èyí tó kẹ́yìn, sí ẹni tó wà ní Sakété tó fẹ́ ra iná oníbátìrì tó ń sun kòkòrò fún ilé màlúù rẹ̀: kòkòrò tó ń fò lọ bá iná lóru lásán ló máa ń pa jù, kì í ṣe èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Stomoxys àti tsétsé, ọ̀sán ni tiwọn, wọn kò ní wò ó lójú. Bí o bá ti rà á, má jù ú nù. So ó kọ́ sókè adágún ẹja rẹ lálẹ́. Kòkòrò tó bá já bọ́, ẹja á gbé e mì.